Ikú Tí Mo Kú Lórí Tẹlifíṣọ̀n ní Jàpáánì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kú ní Jàpáánì, ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ pupa tó ń dán fi idà gé mi láti èjìká dé ìbàdí. Mo fì sọ́tùn-ún, mo fì sósì, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì wó lulẹ̀ gbì sórí òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré wá gbé mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ta iná sí ibi tí mo ti ṣubú, ó dún gbàù, èéfín dúdú gba ojú ọ̀run. Obìnrin kan tú síìpù ẹ̀yìn mi, ó bọ́ orí akàn ńlá náà kúrò lórí mi, atẹ́gùn sì fẹ́ sí mi lójú. Mi ò tíì mí irú èémí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Morita, wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

"O kú dáadáa," ló sọ. Ó sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ètò kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, àwọn ọmọdé máa ń jókòó síwájú rẹ̀ láti wo akọni kan tó máa ń pa ara dà, tó máa wọ aṣọ àti akoto tó ń kọ mànà, tó sì máa bá àlùjọ̀nnú tó fẹ́ ba ìlú jẹ́ jà. Kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà o, èèyàn gidi ni. Tí ọdún bá yí, wọ́n á mú akọni tuntun wá, àwọn àlùjọ̀nnú tuntun á sì dé. Akọni kì í kú. Àlùjọ̀nnú ló máa ń kú lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, iná sì ni wọ́n máa ń fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn ló wà nínú àlùjọ̀nnú náà. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀.

Mowe ni mo dàgbà sí. Ọmọ Ifò ni bàbá mi, ọkọ̀ tírélà ló ń wà, ó sì kọ́lé sí Mowe nígbà tí èèyàn ṣì lè gbọ́ ìró ẹyẹ níbẹ̀ láàárọ̀. Ìyá mi, Màámi, ń ta páìpù omi àti táàpù ní Ìbafo. Àwa ọmọ méjì ni wọ́n bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Sidikat. Aládùúgbò wa ló ní jẹnẹrétọ̀, ojú fèrèsé rẹ̀ la sì máa ń dúró sí wo tẹlifíṣọ̀n, Sidikat lọ́rùn mi, kó lè ríran. Níbẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí àwọn akọni Jàpáánì yìí. A ò mọ orúkọ wọn. "Olórí-ike" là ń pè wọ́n. Tí eré bá ti parí, a ó sáré lọ sí àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, a ó máa fò láti orí àjà sórí òkìtì yanrìn, títí Màámi á fi pariwo orúkọ wa láti òkèèrè.

Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ ìjà táíkwọ̀ńdò nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbafo. Mo ga ju àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ. Ara mi ò lélẹ̀ rí. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ èdè ló gbà mí lọ sí Jàpáánì. Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìwé àṣẹ, pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹkún ìyá, gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ìdákẹ́jẹ́. Èèyàn á kún inú ọkọ̀ ojú irin débi pé ìgúnpá ẹlòmíì á wà níhà rẹ, ẹnikẹ́ni ò ní lanu. Mo máa ń rò pé bóyá ẹnì kan ti kú nínú ọkọ̀ náà. Èkejì ni pé mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí èèyàn. Ìyá àgbà kan ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo pàdé rẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí i lórí àtẹ̀gùn. Ìyá náà figbe ta. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó di apá mi mú, ó ń fà mí, ó tún ké pe aládùúgbò mìíràn, wọ́n gbé omi wá fún mi, wọ́n ń fọwọ́ tẹ orúnkún mi wò bóyá ó ti yẹ̀. Mi ò ní èdè tí mo lè fi sọ pé ìkíni ni. Mo mu omi náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ba, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò tètè gbọ́. Tí mo bá rí àgbàlagbà lójijì, á ṣì fẹ́ tẹ̀.

Mo ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú abọ́ ike. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi èso pupa kékeré kan, tó kan bí ọtí kíkan, sí àárín ìrẹsì. Ìrẹsì á dé iwájú mi, màá fi èso sí i, ìrẹsì mìíràn á dé. Gbogbo wa la bo imú, a bo irun. Obìnrin tó dúró tì mí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ojú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Yuko lorúkọ rẹ̀. Nígbà òtútù kan, ní àkókò ìsinmi, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, mo ń ta ẹsẹ̀ sínú atẹ́gùn kí ara mi lè móoru. Yuko dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ta lò ń bá jà?" ló bi mí.

Mi ò tíì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Mo ronú kan ọ̀rọ̀ náà.

"Òtútù," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Òun ló sọ fún mi pé tí ọjọ́ Saturday bá dé, òun máa ń wọ aṣọ akọni ṣeré fún àwọn ọmọdé ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ó sì mú mi lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Morita tó ń kọ́ wọn ní ìjà. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tiro nítorí ó ti ṣubú ju bó ṣe yẹ lọ láyé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"O ga," ló wí. "Ṣubú kí n rí i."

Mo ṣubú.

"Tún ṣubú."

Ìṣubú ni mo ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Ìbafo, wọ́n kọ́ mi bí mi ò ṣe ní ṣubú. Níbí, bí màá ṣe ṣubú kó dùn ún wò ni wọ́n ń kọ́ mi.

Inú aṣọ àlùjọ̀nnú gbóná bí inú ààrò. Ihò méjì tí kò tó orí ìka ni mo fi ń ríran, ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ di mí lọ́wọ́ mú kí n tó lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì tètè mọ ìdí. Mo wá mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan ní ilé ìtajà kan. A ti jà tán, àwọn ọmọdé tò lẹ́sẹẹsẹ láti bọ akọni lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan yà kúrò láàárín wọn, ó wá bá èmi àlùjọ̀nnú, ó na súìtì sí mi, ó sì fọwọ́ pa mí níkùn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, nítorí wọ́n lù mí. Mo jó fún un díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ náà tí mo jáde pẹ̀lú báàgì mi, mo tún pàdé òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo irun mi, ó sì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Mi ò bínú sí i. Ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n mo rìn jìnnà lọ́jọ́ yẹn kí n tó wọ ọkọ̀. Pẹ̀lú ọwọ́ akàn àti eyín gígùn, ọmọ ìlú wọn ni mí. Tí mo bá wà nínú awọ ara mi, wọ́n á máa bi mí pé ìgbà wo ni mo máa padà lọ sílé. Wọn kì í fi ìkà bi mí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bi mí.

Màámi kọ́kọ́ kórìíra iṣẹ́ náà.

"Àlùjọ̀nnú kẹ̀?" ló wí lórí fóònù. "Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé?"

"Eré ni, Màámi. Aṣọ ni wọ́n ń wọ̀ fún mi."

"Ṣé aṣọ náà bo apá?"

"Ó bo apá mà."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Irun orí rẹ?"

"Gbogbo ara ló bò, Màámi. Kò sí ẹni tó lè rí èékánná mi."

"Alihamudulilahi," ló wí. "Ìyẹn dáa ju tàwọn tó ń ṣí ara sílẹ̀ kiri lọ."

Bàbá ní tirẹ̀ gba iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Nígbà tí mo kúrò ní ilé ìtajà tí wọ́n mú mi wọ tẹlifíṣọ̀n, tí mo kú ikú akàn yẹn, Sidikat wá a rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn sì jókòó wò ó ní pálọ̀ ní Mowe, èmi náà lórí fóònù.

"Èwo ni ẹ̀yin nínú wọn, Àǹtí mi?" Sidikat bèèrè.

"Akàn yẹn."

"Háà! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" Bàbá ló ń pariwo. "Ẹ dá a padà, ẹ jẹ́ kí n tún un wò. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n jà! Wo bó ṣe ń gbá a! Èwo tún ni ti idà? Ó rẹ́ ẹ jẹ ni, ọwọ́ òfìfo lọmọ mi fi ń jà!"

Iná dún gbàù. Mo gbọ́ tí àga sún. Màámi ti dìde kúrò níbẹ̀. Sidikat sọ fún mi nígbà tó yá pé ó lọ sí yàrá, ó mú tẹ̀sùbáà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tó fi dáná alẹ́. Kò tún wo òmíràn mọ́. Bàbá ló ń wò wọ́n, gbogbo wọn pátá, ó ń fi han àwọn dẹ́rẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Ìbéèrè kan ló máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè.

"Ìgbà wo la máa rí ojú rẹ?"

"Láìpẹ́, Bàbá."

Ọjọ́ tí Bàbá kú, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta la wà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ya àwòrán ìjà tí iná bá wà nínú rẹ̀. Báàgì mi wà nínú bọ́ọ̀sì, fóònù wà nínú báàgì. Tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Mowe, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wa. Bàbá kírun àárọ̀ tán, ó ní àyà ń dun òun, ó bi Sidikat bóyá mo ti pè, ó sì dùbúlẹ̀. Wọn ò tíì délé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́ dúró de ẹnikẹ́ni. Kí àkókò ìrun Àìlà ọ̀sán tó tó, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbé e lọ sí Ifò, wọ́n ti sin ín sí àgbàlá ilé bàbá rẹ̀. Èmi, láàárín àkókò yẹn, mò ń ṣubú, mò ń dìde, mò ń tún un ṣe, nítorí oòrùn ń bọ́ sẹ́yìn ìkùukùu tí kámẹ́rà ò sì rí mi dáadáa.

Ìgbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì ni mo rí i bí Sidikat ṣe pè mí tó. Èyí tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ni: "Àǹtí mi, wọ́n ti ṣe é tán. Ẹ má sáré mọ́."

Yuko, tí òun náà ti wọ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, jókòó tì mí. Ó bá mi bọ́ bàtà àlùjọ̀nnú tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Mo kó kúrò nínú yàrá mi, mo gba òmíràn, mo tún kó kúrò níbẹ̀. Ìdúró ni mo ń jẹun. Tí mi ò bá níṣẹ́, màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ dé ibi tí ọ̀nà rẹ̀ pin sí, màá sọ̀kalẹ̀, màá wo òkun tàbí òkè tó wà níbẹ̀, màá tún wọ èyí tó ń padà. Mo ń sọ fún ara mi pé màá lọ sílé. Màá sì tún bi ara mi pé sílé wo. Sidikat sọ fún mi pé wọ́n ti kọ́ ilé epo sórí ilẹ̀ tí a ti máa ń fò sórí yanrìn, pé títì ti gba ibòmíràn, pé tí mo bá dé, mi ò ní mọ ibi tí màá ti sọ̀kalẹ̀. Ìlú tí mo fi sílẹ̀ ti rìn lọ, èmi náà sì ti rìn lọ, a ò rìn lọ síbì kan náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ilé méjì ni ẹni tó ń gbé òkè òkun ní. Ní àkókò yẹn, ọ̀nà nìkan ni mo ní.

Ìgbà náà ni wọ́n pè mí. Olùdarí eré náà, ọkùnrin arúgbó kan tí kì í fi kọfí sílẹ̀ lọ́wọ́, ní òun ń wá obìnrin tó ga fún ayaba kan tó máa ti inú òkun jáde wá bá akọni jà. Wọn ò ní bo ojú rẹ̀. Wọ́n á kun ún díẹ̀ ni, wọ́n á dé e ládé. Morita ló dárúkọ mi.

Mo gba ìwé eré náà, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayaba náà ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, wọ́n sì kọ àwọn ìró kan sábẹ́ rẹ̀, gaba-gaba, zuba-zuba, bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́. Ó bí mi nínú. Mo lọ bá olùdarí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ èdè tèmi?"

"Ìbínú ni mo fẹ́," ló wí. "Ṣé ìbínú wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

Mo lanu, ohùn Màámi ló jáde, ohùn tó fi máa ń lé oníbàárà tó bá gé páìpù tán tó ní òun fẹ́ dá a padà: "Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e? Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gé e? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi kí n tó ṣí ojú! Ẹ gbé e!"

Ẹni tó gbé iná kámẹ́rà lọ́wọ́ fẹ̀yìn rìn. Olùdarí gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Òun gan-an nìyẹn," ló wí.

Mo sáré pe ilé. Màámi wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, ojú mi máa hàn! Èdè wa ni màá sì sọ!"

Ó kígbe ayọ̀. Ó sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó sọ fún oníṣọ́ọ̀bù kejì. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa pa ọ́?"

"Màámi, eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Ṣé wọ́n máa pa ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ní ìparí."

"Pẹ̀lú ojú rẹ?"

Mo fọwọ́ kan ojú mi.

"Rárá," ló wí. "Rárá o. Nígbà tí o di akàn, tí o di ejò, mo fi Ọlọ́run ṣe é, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sin bàbá rẹ níṣojú mi. Mi ò ní jókòó ní Mowe kí n máa wo bí iná ṣe ń jó ọmọ mi. Sọ fún wọn pé o níyàá."

Ó pa fóònù.

Morita ní kí n má dán an wò. "A kì í bá olùdarí sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níbí," ló wí. "Àwọn tó ga pọ̀. Ó máa mú ẹlòmíì." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ojú tí Bàbá fẹ́ rí nìyẹn. Tí mo bá lanu, iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rìn yí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya eré náà ká, mo rìn ín títí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń wò mí. Mo wọlé.

Olùdarí wà nídìí tábìlì. Mo fẹ́ tẹ orí ba. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ gbọ́, mo bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo wí, "mo ní ìyá."

Ó wò mí. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé mọ, nípa Bàbá, nípa Màámi, nípa iná.

"Àwọn ọmọdé ń retí iná yẹn," ló wí.

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Tí kò bá kú, kí ló máa ṣe?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀ rárá. "Ó máa lọ sílé," mo wí.

"Kí nìdí?"

"Wọ́n ń retí rẹ̀ níbẹ̀."

Ó mu kọfí. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tí fóònù bá dún, màá sáré gbé e. Mo ń retí kí wọ́n sọ pé wọ́n ti rí ẹlòmíì. Dípò bẹ́ẹ̀, Yuko ló wá kan ilẹ̀kùn mi, ìwé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fò sókè. Wọ́n ti fún ayaba náà ní ìránṣẹ́ kan, àlùjọ̀nnú ẹlẹ́ja. Ìránṣẹ́ yẹn ni iná máa jó. Yuko ló máa wà nínú rẹ̀.

"Èmi ni mo máa kú dípò rẹ!" ló wí. Inú rẹ̀ dùn dénú. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn àtikú bíi Yuko.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà la tún lọ. A jà, Yuko kú, iná dún. Ó wá ku ibi tí ayaba náà ti máa dá ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, tó máa bá akọni sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tó sì máa lọ. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. "Sọ ohun tó bá wù ọ́," olùdarí wí. "Má jẹ́ kó gùn."

Mo dúró níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ pupa náà. Mo ti ronú ohun tí màá sọ, nǹkan nípa òkun. Nígbà tí wọ́n ní ó yá, kò sí òkun kankan lẹ́nu mi.

"Bàbá mi," mo wí, "ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ bèèrè mi. Mi ò sí nílé, mi ò sì gbọ́. Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo. Mò ń bọ̀. Ẹ sùn re o."

Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rọra tẹ orí akoto rẹ̀ ba fún mi, wọn ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pariwo pé ó tó. Mo ń rìn. Wọ́n tún pariwo. Òkúta ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, aṣọ ayaba ń wọ́ nílẹ̀, mo ń rìn lọ síbi tí kò sí ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Morita ló fi ẹsẹ̀ títiro sáré lé mi, ó di apá mi mú.

"Ó ti tó," ló wí. "O ti ṣe é."

Nígbà tí wọ́n gbé eré náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó ti fóònù. Màámi fúnra rẹ̀ ló pè.

"Mo rí ọ," ló wí.

"Ẹ ṣeun, Màámi."

"O ti rù."

"Kámẹ́rà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mà."

"Kámẹ́rà kọ́." Mo gbọ́ tó ń fọn imú. "Mo gbọ́ ohun tí o sọ. Gbogbo wa la gbọ́. Obìnrin yẹn ti lọ sílé. Ìwọ ńkọ́?"

Mo lọ nígbà tí eré ọdún yẹn parí. Mi ò ní parọ́ pé ara mi balẹ̀ bí mo ṣe débẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ń já mi láyà. Mo ń tẹ orí ba fún àwọn oníbàárà Màámi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní Asese, lẹ́bàá Mowe, mo dúró létí títì, mò ń retí pé kí ọkọ̀ dúró kí n lè kọjá, títí Sidikat fi fa ọwọ́ mi, tó ní, "Àǹtí mi, wọn ò ní dúró láéláé. Ẹ sáré!" Ó tún ń ṣe mí bíi kí n wọ nǹkan kan tó ń lọ síbì kan.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí Ifò. Ilẹ̀ ibojì Bàbá ti tẹ́jú, Màámi sì ti gbá àyíká rẹ̀ mọ́. A ṣe àdúà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún mi láyè kí n bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo lanu. Kò sí ohun tó jáde. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú ń tì mí.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," Màámi wí. "O ti sọ ọ́. Òun ló kù kó gbọ́."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ilẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà bú jáde ní àgbàlá náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo idà. Sidikat na ọwọ́ láti fò ó dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀. Màámi gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Ó fẹ́ràn ìjà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró níbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí à ń gbọ́ ìjà náà títí tó fi parí, tí à ń dúró de ohùn mi.